Fìlà Tó Bá Ọkọ̀ Òkun Lọ

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ipò ṣe ń gun ènìyàn, kó má wulẹ̀ rìn jìnnà. Kó dúró sí Ring Road ní Ìbàdàn, kó bi àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò níbẹ̀ léèrè Olóyè Akíndúró. Wọn á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọn á bi í pé: "Èwo nínú wọn? Èyí tó ní orí ni, àbí èyí tó ku fìlà nìkan?"

Ayé ìjọba ológun lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, lọ́dún 1996. Odò kékeré kan lẹ́yìn Agbowó kún lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sì wọ ilé mọ́kànlélógójì. Kò pa ẹnikẹ́ni, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ó gbé ibùsùn, ó gbé ìkòkò, ó gbé ìwé ẹ̀rí, ó gbé adìyẹ. Àwọn onílé wá di ará ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, wọ́n ń sùn lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, ẹsẹ̀ wọn ń yọ síta.

Ìjọba yan ìgbìmọ̀ ìrànwọ́, wọ́n sì fi Olóyè Akíndúró ṣe alága. Kí ó tó dé ipò yìí, òun ni ọ̀gá àwọn tó ń ka òpó iná ojú títì. Ó ka òpó fún ọdún mọ́kànlá, kò sì sí ọdún tí iye rẹ̀ bá ti èṣí mu. Ọjọ́ tí wọ́n fi í jẹ alága, ó lọ sí Agbowó, ó dúró lórí tábìlì tíṣà, ó ní: "Ẹ̀yin ènìyàn mi, omi ti dé, ṣùgbọ́n èmi náà ti dé! Ẹ ó rí ẹni tó máa pẹ́ jù nínú àwa méjèèjì."

Òótọ́ ló sọ. Omi lọ ní ọjọ́ kejì.

Olóyè ní akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Ọlábọ̀dé. Iṣẹ́ Ọlábọ̀dé nínú ìwé ni pé kó máa tọ́jú fáìlì. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni pé nígbàkígbà tí Olóyè bá dìde, tàbí tó bá jókòó, tàbí tó bá ti ilé ìyàgbẹ́ jáde, kó ké pé: "Olóyè Alàgbà Akíndúró, Alága Ìgbìmọ̀ Ìrànwọ́ Pàjáwìrì, Odi Tó Ń Dá Omi Dúró, Baba Àwọn Tí Omi Lé Nílé!" Bí kò bá tíì parí rẹ̀, Olóyè kò ní jókòó. Ọjọ́ kan tí ọ̀fìnkìn mú Ọlábọ̀dé, Olóyè wà lórí ìdúró di ọ̀sán.

Sùlàímọ́nù kò mọ ọ̀kankan nínú èyí nígbà tó wa tírélà wọ Ìbàdàn ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn omíyalé.

Dírẹ́bà ni lọ́dọ̀ Ilé-iṣẹ́ Ọ̀sà, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun kan ní Àpápá. Àwọn ọmọ Ìbàdàn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló kó ẹrù jọ fún àwọn ará Agbowó. Wọn kò mọ ọ̀nà tí ẹrù máa gbà dé. Ilé-iṣẹ́ Ọ̀sà ní kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn. Wọ́n yá wọn ní kọ̀nténà, wọ́n fi ọkọ̀ òkun wọn gbé e láìgba kọ́bọ̀, wọ́n sì sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn ní èbúté pé kí wọ́n já a ṣáájú mọ́tò, ṣáájú sìmẹ́ńtì, ṣáájú gbogbo ọjà olówó ńlá. Wọ́n wá fi tírélà àti dírẹ́bà lé e. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bèèrè: kí kọ̀nténà òfìfo padà dé láàárín ọjọ́ mẹ́jọ. Omi ti gbé abúlé etídò mìíràn, àwọn yẹn náà ń retí rẹ̀.

Sùlàímọ́nù kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Sìlífátù ìyàwó rẹ̀ ló máa ń sọ ti àwọn méjèèjì. Ó kú ní ọdún tó ṣáájú, níbi tó ti ń rọbí, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ní ó ń bọ̀ nínú mọ́tò kò dé. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ pé "ó ń bọ̀," Sùlàímọ́nù a wo aago.

Ó dọ̀bálẹ̀ fún Olóyè nínú ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ ní Ring Road. "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹrù ti dé. Ẹ jẹ́ ká gé síìlì rẹ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí ìwé, kí n gbé e lọ fún àwọn tó ni ín."

Síìlì ni irin kékeré kan tó nípọn bí ìka, tó ní nọ́ńbà lára, tí wọ́n fi ń ti ìlẹ̀kùn kọ̀nténà. Ẹni tó gba ẹrù, tàbí ẹni tó bá rán, ló ń gé e, kí ayé lè mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò tọwọ́ bọ ẹrù lójú ọ̀nà. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ni. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí Sùlàímọ́nù sọ, ọ̀rọ̀ méjì péré ló wọ etí Olóyè: gígé, àti ìfọwọ́sí.

"Gé?" ni Olóyè wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ̀yin lẹ máa gé e."

"Èmi fúnra mi?"

"Bí ilé-iṣẹ́ wa ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Olóyè kọjú sí akọ̀wé rẹ̀. Omi lé ròrò sí i lójú. "Ọlábọ̀dé, o gbọ́ ọ? Láti ìlú òyìnbó, lórí agbami òkun, wọ́n ti mọ̀ pé èmi ló yẹ kó gé e!"

"Wọ́n mọ iyì yín ni, Olóyè. Ẹni tó ń gé ríbọ́ọ̀nù láyé yìí pọ̀. Ta ni wọ́n ń fún ní irin gé?"

"Gbé ìwé yẹn wá! Pe oníkámẹ́rà!"

Yíǹkì àwọ̀ ewé ni Olóyè máa ń lò. Ìfọwọ́sí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti igun ìwé, ó gun òkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ta kókó mẹ́ta, ìrù rẹ̀ sì parí sórí tábìlì.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ kà á ná," ni Sùlàímọ́nù wí. "Ibí yìí sọ pé ẹ ti gba ẹrù, ẹ sì ti fún mi láṣẹ láti já a. Àwọn àyè yìí ṣófo. Ẹ máa kọ ibi tí mo máa já a sí, àti ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ mi."

"Dírẹ́bà, ọ̀gá kì í kàwé. Ọ̀gá a máa fọwọ́ sí i ni. Àwọn àyè kéékèèké, iṣẹ́ àwọn ènìyàn kéékèèké ni. Ìwọ kọ ohun tó bá tọ́ síbẹ̀."

"Èmi ni kí n kọ ọ́?"

"Ṣé o ò mọ̀wé ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

"Ó parí."

Sùlàímọ́nù ká ìwé náà, ó fi í sí àpò àyà rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má gbàgbé àpò yẹn.

Ó rò pé wọ́n fẹ́ gé síìlì náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ti lọ mú kọ́tà tó fi ń gé irin. Àṣé Olóyè ti sún ọjọ́ gígé sí Àbámẹ́ta. Aṣojú gómìnà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Fìlà tuntun ọgọ́ta tí wọ́n kọ orúkọ Olóyè sí kò tíì dé. Sísọ́ọ̀sì tí wọ́n máa fi gé e gan-an ti di àríyànjiyàn: ìgbìmọ̀ jókòó fún ọjọ́ méjì gbáko lórí bóyá aláwọ̀ wúrà ni kó jẹ́ tàbí aláwọ̀ fàdákà. Nígbà tí Sùlàímọ́nù sọ fún wọn pé sísọ́ọ̀sì kankan kì í gé síìlì, wọ́n ní kò mọ ètò.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni akunlé kan ti àdúgbò Ṣàngó dé, tó ń jẹ́ Godswill, tòun ti àkàbà àti agolo ọ̀dà. Ó gun ara kọ̀nténà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán orí Olóyè sí i, gígùn rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè.

"Bọ̀ọ̀dá," ni Sùlàímọ́nù wí, "o ti kun ọ̀dà bo nọ́ńbà kọ̀nténà."

"Ẹ má bínú, ọ̀gá dírẹ́bà. Wọ́n ní imú Olóyè gbọ́dọ̀ wà láàárín gbùngbùn ni, ibẹ̀ sì ni nọ́ńbà yín bọ́ sí."

Sùlàímọ́nù lọ bá Olóyè. Ó ṣàlàyé pé bí nọ́ńbà kò bá hàn, kò sẹ́ni tó máa jẹ́ kí kọ̀nténà wọ ẹnubodè èbúté.

"Ṣé nọ́ńbà ló lẹ́wà jù, àbí ojú mi?" ni Olóyè bi í. Ó wá yẹ àwòrán náà wò, ó ní ojú dára, ṣùgbọ́n fìlà kò dán tó. Ó fẹ́ kí ẹni tó bá dúró lókè Cocoa House ní Dùgbẹ̀ máa rí fìlà náà. Godswill fi odindi ọjọ́ kan kun fìlà nìkan, ìpele mẹ́ta, ọ̀dà géètì ojúlówó.

Sùlàímọ́nù kò lè jókòó máa wo ẹnì kan tó ń kun fìlà. Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Agbowó lọ wo àwọn tó ni ẹrù.

Ó bá Ọlábọ̀dé níwájú wọn lórí pápá ilé ẹ̀kọ́, tó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa dúpẹ́.

"Bí Olóyè bá ti gé e, ẹ ó ké 'háà!' Kì í ṣe 'hẹn' o. Háà! Lẹ́yìn náà ni ẹkún ayọ̀. Kó má pọ̀ jù, kó má bo ohùn Olóyè mọ́lẹ̀. Láti òní títí di Àbámẹ́ta, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wẹ̀. Aṣọ tí omi ká mọ́ yín lára ni kẹ́ ẹ wọ̀ wá."

Obìnrin kan tó sanra, tó so gèlè gírígírí, na ọwọ́ sókè. Àlàájà Bàdírátù ni. Aṣọ òkè ló ń tà kí omi tó dé. Nísinsìnyí, òun ló ń darí àwọn tó wà nínú ilé ẹ̀kọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò yàn án.

"Akọ̀wé, odò ló gbé àwọn aṣọ yẹn lọ. Ṣé ká lọ yá a lọ́wọ́ rẹ̀ ni?"

Àwọn ènìyàn pa ẹ̀rín.

"Àlàájà, ẹ má da iṣẹ́ ìjọba rú!"

"Iṣẹ́ ìjọba nìyí? Èmi rò pé ẹ̀ ń wá òṣèré ni. Ó dáa. Ẹkún ayọ̀ yìí, ṣé kí n sun ún kí n tó gba kúbùsù ni, àbí lẹ́yìn tí mo bá gbà á? Torí òtútù ti gan omi ojú mi."

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Bàdírátù pe Sùlàímọ́nù wọ inú kíláàsì kan. Aláboyún kan dùbúlẹ̀ lórí tábìlì méjì tí wọ́n so pọ̀. Ọmọ́fẹ́ ni orúkọ rẹ̀, aránṣọ ni, ọmọ ìhà Oǹdó. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ bíríkìlà ní Èkó. Páànù orí rẹ̀ jò ní ibi mẹ́rin, wọ́n sì gbé agolo mẹ́rin síbẹ̀.

"Dírẹ́bà," ni Bàdírátù wí, "kí ló tiẹ̀ wà nínú àpótí ńlá yẹn?"

Sùlàímọ́nù ti mọ̀ ọ́n sórí. "Tapólì ọgọ́rin. Kúbùsù irínwó. Bọ́kẹ́ẹ̀tì, àtùpà, mílíìkì, oògùn tí wọ́n fi ń sọ omi di mímọ́."

Ọmọ́fẹ́ gbójú sókè wo páànù. "Ìgbà wo ló máa dé ọ̀dọ̀ wa?"

Ọlábọ̀dé tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ló dáhùn. "Ó ń bọ̀," ló wí.

Sùlàímọ́nù wo aago rẹ̀.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ojú ọ̀run ṣú láti ìhà Apẹ́tẹ̀. Afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ dé, òjò tẹ̀ lé e. Sùlàímọ́nù wà nínú tírélà ní Ring Road nígbà tí ọ̀kadà kan dúró, tí Bàdírátù sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ń kán.

"Afẹ́fẹ́ ti ṣí páànù kíláàsì méjì. Ọmọ́fẹ́ ti ń rọbí. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì kan wà láàárín wa, ọwọ́ rẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ni òjò ń rọ̀ sí. Mú mi lọ bá olóyè rẹ yẹn."

"Kì í ṣe olóyè mi o, Àlàájà."

Wọ́n bá Olóyè nílé rẹ̀ ní Bódìjà. Ó dúró níwájú dígí, sísọ́ọ̀sì aláwọ̀ wúrà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń gé afẹ́fẹ́. Ó gé e lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ẹ̀rín, ó gé e lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ojú líle, ó wá bi Ọlábọ̀dé léèrè èyí tó fi ìyọ́nú hàn jù.

"Olóyè," ni Sùlàímọ́nù wí, "òrùlé ti ṣí lórí àwọn ènìyàn yẹn. Ẹ jẹ́ kí n lọ já ẹrù lónìí."

"Kí a tó gé e?"

"Obìnrin kan ń rọbí nínú òjò, sà."

Olóyè ronú. Ẹ má fi ojú òǹrorò wò ó. Ó ronú ní tòótọ́. "Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó mú un mọ́ra di Àbámẹ́ta," ló wí. "Ó tiẹ̀ máa dára! Ìkókó níwájú kámẹ́rà!"

"Olóyè," ni Bàdírátù wí, "oyún kò gba ìwé ìpè yín o."

"Ní ti òjò yìí," ni Olóyè ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, "Ọlábọ̀dé, kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń wo ojú ọjọ́. Sọ fún wọn pé Ìgbìmọ̀ kò fọwọ́ sí òjò kankan ṣáájú ayẹyẹ. Kí wọ́n sún un sí ọjọ́ Ajé."

"Ẹ̀dà mélòó, Olóyè?"

"Mẹ́ta."

Àwọn méjèèjì jáde sínú òjò. Bàdírátù ń ṣépè lábẹ́ ètè. Wọ́n padà sí ìdí tírélà. Ibẹ̀ ni Sùlàímọ́nù ti fi ọwọ́ kan àpò àyà rẹ̀.

"Àlàájà, kí ni orúkọ yín ní kíkún?"

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ kọ ohun tó tọ́ sínú àwọn àyè kéékèèké."

Ó tẹ́ ìwé náà sórí orúnkún, ó kọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́: *Ibi tí a já ẹrù sí: ilé ẹ̀kọ́, Agbowó. Ẹni tó gbà á: Bàdírátù Ayẹni.* Ìfọwọ́sí aláwọ̀ ewé ti wà nísàlẹ̀. Ó yí kọ́kọ́rọ́ tírélà.

Ní Agbowó, Bàdírátù ka nọ́ńbà síìlì sókè, Sùlàímọ́nù fi í wé ti inú ìwé, ó sì gbé kọ́tà lé e lọ́wọ́. Àlàájà gé e, ó dún pó. Kò sí oníkámẹ́rà. Ẹnikẹ́ni kò ké háà. Gbogbo ènìyàn ń sáré ni, ọkùnrin, obìnrin, àwọn tó mọ àdúrà ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn tó mọ ti mọ́ṣáláṣí, wọ́n tò bí ìjàlọ láti ẹnu kọ̀nténà dé kíláàsì. Tapólì mẹ́ta ni wọ́n kọ́kọ́ nà sórí ibi tí Ọmọ́fẹ́ wà.

Sùlàímọ́nù dúró síta. Ó gbọ́ igbe ọmọ. Kò tíì kúrò níbẹ̀. Ó dúró títí ó fi gbọ́ ohùn ìyá ọmọ náà, tó ń béèrè omi mu. Ìgbà yẹn ló tó jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, ó sì bo ojú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó gbá inú kọ̀nténà mọ́, ó fi síìlì tuntun tì í, torí wọn kì í gbé kọ̀nténà rìn láìtì í, bó tilẹ̀ ṣófo. Kí ilẹ̀ tó ṣú, tírélà ti padà sí ààyè rẹ̀ ní Ring Road.

Olóyè dé ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. "Ojú mi ńkọ́? Ṣé òjò ò ṣe é ní nǹkan?"

"Kò ṣe é ní nǹkan, sà. Ṣùgbọ́n, Olóyè, mo ti já..."

"Sọ ọ́ fún akọ̀wé."

Sùlàímọ́nù sọ ọ́ fún akọ̀wé. Ọlábọ̀dé ń ka fìlà lọ́wọ́, ó ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọlábọ̀dé gbà á láìwò ó, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì gbé páálí fìlà lé e. Kí ni dírẹ́bà tún lè ṣe?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta pé. Oòrùn mú ganrínganrín. Àwọn oníkámẹ́rà dé, àwọn onífìlà tuntun dé, Mejọ̀ Bọ́láwárìn tó ṣojú gómìnà sì dé, ọ̀dọ́ ológun kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í rẹ́rìn-ín, tó sì ní ìpàdé mìíràn ní àdúgbò Challenge. Àwọn ará Agbowó náà dé. Ọlábọ̀dé rí wọn, ojú rẹ̀ yí. Gbogbo wọn ló ti wẹ̀. Wọ́n fi òróró para. Àwọn mìíràn dì gèlè.

"Àlàájà! Kí lẹ ṣe fún mi yìí? Mo ní kẹ́ ẹ má wẹ̀!"

"Bọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun la rí, akọ̀wé. Ó wù wá lò."

"Níbo lẹ ti rí bọ́kẹ́ẹ̀tì?"

Kó tó gbọ́ èsì, Olóyè ti dìde. Ọlábọ̀dé ní láti sáré lọ ké: "Olóyè Alàgbà Akíndúró, Alága Ìgbìmọ̀ Ìrànwọ́ Pàjáwìrì, Odi Tó Ń Dá Omi Dúró, Baba Àwọn Tí Omi Lé Nílé!"

Ìwé ọ̀rọ̀ Olóyè jẹ́ ogójì ojú-ewé. N kò ní fi gbogbo rẹ̀ jẹ yín níyà. "Nígbà tí omi dé," ló wí, "ta ni kò sá? Èmi ni!" Òótọ́ ni. Orí òkè ní Bódìjà ló wà. "Ọkọ̀ òkun gbọ́ orúkọ mi, ó yára! Ìgbì gbọ́ orúkọ mi, ó tẹ́!" Mejọ̀ wo aago. Sùlàímọ́nù rí i, ọkùnrin náà sì wù ú díẹ̀.

Ní ojú-ewé kọkànlélógún, Mejọ̀ ní, "Olóyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé e."

Olóyè mú sísọ́ọ̀sì aláwọ̀ wúrà. Ó fẹ́ fi gé síìlì pẹ̀lú ẹ̀rín ìyọ́nú. Sísọ́ọ̀sì ṣẹ́ sí méjì. Sùlàímọ́nù rọra na kọ́tà sí i. Ọkùnrin méjì di Olóyè mú ní ìbàdí, ó fún un, ó tún fún un, fìlà orí rẹ̀ yí sẹ́yìn. Pó! Wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn méjèèjì gbayawu.

Olóyè kò wo ẹ̀yìn. Kámẹ́rà ló kọjú sí. Ó na ọwọ́ kan sẹ́yìn, ó fi èkejì di ìwé mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹrù.

"Kúbùsù irínwó!"

"Háà!" ni àwọn ará Agbowó ké, gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ wọn.

"Tapólì ọgọ́rin!"

"Háà!"

"Bọ́kẹ́ẹ̀tì, tí mo fi ọwọ́ ara mi yàn!"

Alángbá kan jáde láti inú òkùnkùn kọ̀nténà. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó mi orí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rín tó bẹ́ sílẹ̀ ní Ring Road, àwọn tó ń tún mọ́tò ṣe lódìkejì títì fi irinṣẹ́ sílẹ̀ wá wò ó. Ìgbà náà ni Olóyè tó yíjú padà.

Ó wo inú kọ̀nténà. Ó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n lè kó ẹrù síbẹ̀.

"Olè!" ló ké. "Dírẹ́bà yìí ti jí ẹrù àwọn ènìyàn mi! Ẹ mú un!"

Sùlàímọ́nù yọ ìwé láti àpò àyà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Mejọ̀. Mejọ̀ kà á látòkè délẹ̀, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Olóyè," ló wí, "ìwé yìí sọ pé ẹ ti gba ẹrù, ẹ sì ní kí wọ́n já a ní Agbowó. Ṣé ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i?"

"Ẹnì kan ló fara wé mi!"

Mejọ̀ gbé ìwé náà sókè. Àwọn tó wà lẹ́yìn pàápàá rí àwọ̀ ewé náà, àti kókó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àti ibi tí ìrù ti já kúrò lórí ìwé. Ẹnì kan láàárín èrò ní, "Ta ló lè rí yíǹkì tó pọ̀ tó yẹn ná?"

Olóyè yí ohùn padà kíá. "Mo rántí! Èmi ni! Mo ti pín gbogbo rẹ̀! Ìyọ́nú ló mú mi pín in!"

"Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́... ọjọ́ ìyọ́nú náà."

"Àlàájà," ni Mejọ̀ bi Bàdírátù, "ṣé ẹrù dé ọwọ́ yín?"

"Gbogbo rẹ̀ pátá, sà. Ọjọ́bọ̀ ni, nínú òjò. Dírẹ́bà yìí ló gbé e wá. A fi Olóyè gan-an sílẹ̀ ní Bódìjà níbi tó ti ń gé afẹ́fẹ́. Wọ́n ní ká sọ fún Ọmọ́fẹ́ pé kó má bímọ kó tó di òní."

Ọmọ́fẹ́ rọra dìde láàárín àwọn obìnrin. Kúbùsù tuntun ló fi wé ọmọ mọ́ àyà. Ó ṣí ojú ọmọ náà kí Mejọ̀ lè rí i.

Mejọ̀ wo ọmọ náà, ó wá kọjú sí Olóyè.

"Ẹ jẹ́ kó yé mi, Olóyè," ni Mejọ̀ wí, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. "Bí ẹ bá ti pín in, ẹ pè mí wá wo kọ̀nténà òfìfo. Bí ẹ kò bá pín in, ẹ tì í mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́rin nígbà tí obìnrin yìí wà nínú òjò. Èwo ni kí n lọ sọ fún gómìnà?"

Olóyè la ẹnu. Ojú-ewé mọ́kàndínlógún ló ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí èsì nínú ọ̀kankan.

"Mo ti gbọ́," ni Mejọ̀ wí. "Láti ìsinsìnyí, ìgbìmọ̀ yìí kò ní alága. Dírẹ́bà, o lè máa lọ."

"Mi ò lè lọ, sà," ni Sùlàímọ́nù dáhùn. "Nọ́ńbà kọ̀nténà wà lábẹ́ imú Olóyè. Wọn ò ní jẹ́ kó wọ èbúté. Abúlé kan sì ń dúró dè é."

Mejọ̀ wo àwòrán náà láti ìsàlẹ̀ dókè. "Ta ló ní kí wọ́n yà á?"

Gbogbo ìka na sí ibì kan náà.

"Kí ẹni náà pa á rẹ́. Fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ rí nọ́ńbà yẹn kí n tó ti Challenge dé." Ó fi ọmọ ogun méjì sílẹ̀, ó wọ ọkọ̀ lọ.

Àwọn onífìlà tuntun ti ń yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, fìlà wà nínú àpò. Olóyè dúró nínú oòrùn. Ó ń retí kí Ọlábọ̀dé ké orúkọ òun kí òun tó lè gbé ẹsẹ̀. Ọlábọ̀dé dé lóòótọ́. Agolo kan àti àkísà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "kẹrosíìnì rèé."

Olóyè gun àkàbà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti àgbọ̀n. Ó nu ètè rẹ̀ kúrò, ó nu ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó nu imú, nọ́ńbà àkọ́kọ́ sì yọ. Àwọn mẹ̀káníìkì ń ràn án lọ́wọ́ láti ìsàlẹ̀: "Ẹ̀ẹ̀kẹ́ òsì, bàbá! Ó ku díẹ̀ létí!" Nígbà tí Mejọ̀ padà, nọ́ńbà ti hàn kedere, orí ti lọ tán. Fìlà nìkan ló ṣẹ́ kù. Olóyè ti ha á, ó ti bó o, èékánná rẹ̀ ti kán. Ọ̀dà géètì ìpele mẹ́ta kò mọ ẹni tó ni ín.

"Ó tó," ni Mejọ̀ wí. "Fìlà ò dí nọ́ńbà lójú."

Bàdírátù fún Sùlàímọ́nù ní mọ́ínmọ́ín tí wọ́n dì sínú ewé. Ọmọ́fẹ́ bi í ní orúkọ ìyàwó rẹ̀, torí Bàdírátù ti sọ fún un bí obìnrin náà ṣe kú, ohun tí Sùlàímọ́nù sọ fún Àlàájà nínú tírélà lọ́jọ́ òjò. Sùlàímọ́nù dá a lóhùn. Ọmọ́fẹ́ ní ọmọbìnrin lọmọ òun, òun á fi orúkọ náà kún tirẹ̀. Sùlàímọ́nù dúpẹ́, ó gun tírélà.

Ó ku ọ̀la kí ọjọ́ mẹ́jọ pé nígbà tó dé Àpápá. Ọ̀gá àwọn tó ń gba kọ̀nténà wọlé yí i po, ó ka nọ́ńbà, ó sàmì sí ìwé. Ó wá gbójú sókè.

"Fìlà ta nìyí?"

"Ti ọ̀gá kan ní Ìbàdàn."

"Orí rẹ̀ ńkọ́?"

Ẹ̀rín yọ lẹ́nu Sùlàímọ́nù, àkọ́kọ́ láti ọdún kan.

"Ó ń bọ̀," ló wí.

Kò wo aago.